Àpótí Àkísà

“Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.” Ẹnu bàbá ni òwe yìí ti sábà máa ń jáde, nígbà tí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba owó oṣù àkọ́kọ́ bá ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ti rin ayé já. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò ṣòro. Aṣọ wà lọ́jà. Ẹni tí owó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí lè ra òfì mẹ́wàá kí oòrùn tó wọ̀. Àkísà kò sí lórí àtẹ. Kí aṣọ tó di àkísà, ó ti lọ òde ìyàwó, òjò ti pa á, wọ́n ti fi pọn ọmọ, wọ́n ti fi bora nígbà ọyẹ́, kó tó wá di ohun tí wọ́n fi ń nu gíláàsì àtùpà. Ọdún ló ń hun àkísà, ọdún kì í sì í gba owó.

Ohun tí àwọn tó ń túmọ̀ òwe kì í sábà bèèrè ni pé, kí ni àgbà fẹ́ fi àkísà ṣe? Òwe náà gbà láìjanpata pé àkísà ní iyì, pé ọmọdé ì bá fẹ́ ní in bó bá lè rí i. Síbẹ̀, nínú ọ̀pọ̀ ilé, kò sẹ́ni tó ń kó àkísà síta kí àlejò wò ó. Iṣẹ́ kan wà ṣá tí òwe yìí ti jẹ́ òótọ́ ní tààrà, tí kò sí àfiwé kankan nínú rẹ̀: iṣẹ́ ẹni tó ń hun aṣọ tàbí tó ń rẹ aṣọ ní aró, pàápàá ẹni tó ń ṣe é fún ìnajú, tí kò retí kọ́bọ̀ níbẹ̀. Àkísà ni ìwé tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń kà.

Wọ́n wà káàkiri ayé. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n pọ̀ débi pé láti ọdún 1955 ni ẹgbẹ́ àwọn ahunṣọ, arànwú àti aláró láti ìlú dé ìlú ti so pọ̀ di ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ní iṣẹ́ mìíràn tí wọ́n fi ń jẹun. Ẹni tó bá pe èyí ní àṣà òyìnbó kò tíì wẹ̀yìn wò. Ní Ọ̀wọ̀, ní Èkìtì, ní Àkókó àti ní Ìjẹ̀bú, òfì obìnrin, èyí tó dúró gbọọrọ sí ara ògiri, wà nínú ilé láàárín ìkòkò àti àwo. Obìnrin tó ń hun kíjìpá lórí rẹ̀ lè jẹ́ oníṣòwò, ó lè jẹ́ àgbẹ̀. Bó bá ti dáná tán, tí ọmọ ti sùn, á jókòó hun ìwọ̀n tí agbára rẹ̀ gbé. Nígbà mìíràn, kò sí oníbàárà kankan tó ń dúró dè é. Ara rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń hun ún fún.

Òwe mìíràn tiẹ̀ fi kíjìpá ṣẹ̀fẹ̀. Ó ní kíjìpá ni aṣọ ọ̀lẹ, òfì ni aṣọ àgbà, ó wá fi kún un pé àgbà tí kò bá ní òfì, kó rọ́jú ra kíjìpá. Ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe yẹn kò jókòó nídìí òfì obìnrin rí, àfàìmọ̀. Àmọ́ ọgbọ́n kan fara pamọ́ sínú ẹ̀fẹ̀ náà. Ọ̀lẹ fẹ́ràn kíjìpá nítorí pé ó nípọn, kì í tètè gbó, kì í sì í jẹ́ kí èèyàn wá owó aṣọ tuntun kiri. Nínú gbogbo aṣọ, kíjìpá ló ń pẹ́ jù kó tó di àkísà.

Ẹ wo obìnrin kan lára àwọn ti òde òní. Ó ń ṣiṣẹ́ ìjọba láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, yàrá méjì àti pálọ̀ ló ń gbé, ọjọ́ Àbámẹ́ta ló sì ń rẹ aró ní ẹ̀yìnkùlé. Kò sí irú rẹ̀ tí kì í ní àpótí kan lábẹ́ ibùsùn. Bí wọ́n bá ṣí i, àlejò á rò pé ìdọ̀tí ni wọ́n kó pa mọ́: ègé aṣọ tó yẹ kó di búlúù àmọ́ tó di àwọ̀ eérú, ègé tí aró mu lójú kan tó fo ojú kejì, òfì tẹ́ẹ́rẹ́ tí àárín rẹ̀ fún bí ìbàdí agbọ́n nítorí pé ẹni tó hun ún ń fa òwú jù. Lára ègé kọ̀ọ̀kan ni wọ́n so ìwé kékeré mọ́: ọjọ́, oṣù, ìwọ̀n aró, iye ìgbà tí aṣọ wọ inú omi, ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìwé kékeré yẹn ló sọ ègé náà di ohun tó yàtọ̀ sí àkísà ìnulẹ̀.

Aró ló ń bí àkísà jù, ó sì nídìí. Ọ̀pọ̀ àwọ̀ ni a lè pò mọ́ omi kí a sì ri aṣọ bọ̀ ọ́. Ohun tó ń sọ aṣọ di búlúù nínú ewé èlú kì í yòrò nínú omi rárá. Inú omi tó mú bí omi eérú ni a ti gbọ́dọ̀ gba ọ́síjìn kúrò lára rẹ̀ kó tó lè yòrò, bó bá sì ti yòrò, búlúù inú rẹ̀ á lọ, á wá rí bí ewé tó ń pọ́n lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Inú omi tó rí bẹ́ẹ̀ ni aṣọ ń wọ̀. Bí wọ́n bá fà á jáde, afẹ́fẹ́ á kàn án, ọ́síjìn á padà sí àyè rẹ̀, aṣọ á sì máa yí dà lójú ẹni, láti àwọ̀ ewé dé àwọ̀ ojú ọ̀run, láti ibẹ̀ dé búlúù. Kò sí ẹni tó rí i nígbà àkọ́kọ́ tí kì í pariwo. Ẹwà yẹn náà ni wàhálà rẹ̀, nítorí ẹni tó ń wo aṣọ nínú ìkòkò kò lè mọ ohun tó máa dà lókè. Àwọn aláró àtijọ́ kò gbẹ́kẹ̀ lé ojú. Wọ́n ń gbóòórùn ìkòkò, wọ́n ń wo ìfófòó orí rẹ̀, wọ́n sì ń fi ahọ́n tọ́ omi eérú wò bóyá ó mú tó.

Iṣẹ́ ńlá ni tiwọn. Èlú jẹ́ igi tó ń fà bí ìtàkùn nínú igbó. Wọ́n á já ewé rẹ̀ tútù, wọ́n á gún un nínú odó, wọ́n á ṣù ú bí ẹ̀ṣẹ́ èèyàn, wọ́n á sá a gbẹ. Wọ́n á sun igi di eérú, wọ́n á kó eérú sínú ìkòkò tí wọ́n ti lu nídìí, wọ́n á da omi sí i. Omi tó bá ro sínú ìkòkò ìsàlẹ̀ ni wọ́n á kó èlú sí. Ọjọ́ mélòó kan ló máa fi wà níbẹ̀, tí á máa hó, tí á máa rùn. Àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí ló ń jẹun nínú ìkòkò yẹn, àwọn ló ń bá aláró kó ọ́síjìn lọ. Òórùn wọn ni ẹ̀rí pé wọ́n ń ṣiṣẹ́.

Onílé ìgboro kò ní gba irú òórùn bẹ́ẹ̀, ayálégbé tó dáná igi ní ẹ̀yìnkùlé sì ń wá ilé mìíràn nìyẹn. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe é fún ìnajú lóde òní ń lo ìlànà kan tí Michel Garcia, ará Faransé, tàn káàkiri. Ó rọrùn láti há sórí: aró tí wọ́n ti lọ̀ kúnná, ìwọ̀n 1, láìmù ìkọ́lé, ìwọ̀n 2, ṣúgà inú èso, ìwọ̀n 3. Ṣúgà náà ló ń gba ọ́síjìn dípò àwọn kòkòrò. Èso tó ti pọ́n kọjá ààlà lè rọ́pò rẹ̀, nítorí náà ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tí ọmọ ilé kọ̀ láti jẹ ti rí iṣẹ́ ṣe. Omi gbígbóná àti báàkẹ́ẹ̀tì tó ní ìdérí ni ìyókù. Kò sí eérú, òórùn rẹ̀ kò sì lè lé aládùúgbò.

Àmọ́ ìlànà tó rọrùn kì í pa àkísà run. Bí aṣọ bá gbẹ wọ inú aró láìkọ́kọ́ rẹ ẹ́ sínú omi lásán, afẹ́fẹ́ tó há sáàárín òwú á fi àpá funfun sílẹ̀. Bí aṣọ tí wọ́n rà ṣì ní ẹ̀kọ tí ilé iṣẹ́ fi lé e, aró á mu níhìn-ín, á fo lọ́hùn-ún. Bí wọ́n bá fà á jáde pẹ̀lú ìkánjú, omi tó ń kán padà sínú báàkẹ́ẹ̀tì á gbé afẹ́fẹ́ wọlé, àwọn ègé tó tẹ̀ lé e á sì máa ṣí. Èyí tó ń tan àwọn ọ̀gbẹ̀rì jẹ jù ni dúdú. Wọ́n á rò pé bí aṣọ bá ṣe pẹ́ nínú aró tó ni yóò ṣe dúdú tó. Wọ́n á fi í sílẹ̀ mọ́jú, á jáde ní àwọ̀ tí kò dára ju ti ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ẹni tó ti ní àkísà tó ogójì nínú àpótí á ti mọ̀ pé wíwọ̀ àti jíjáde ló ń sọ aṣọ di dúdú. Á wọ̀, á jáde gba atẹ́gùn, á tún wọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń rí òwú etù, èyí tó dúdú débi tí ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà láàárín rẹ̀ fi rán àwọn baba wa létí ìyẹ́ ẹyẹ etù.

Àwọn obìnrin tó ń fi aró jẹun, tí wọ́n ń pe Ìyá Màpó, òrìṣà àwọn aláró, kí wọ́n tó ṣí ìkòkò, mọ gbogbo èyí ju ẹnikẹ́ni lọ. Àmọ́ wọn kì í ní àpótí. Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ ní in? Aṣọ oníbàárà ni wọ́n ń rẹ. Aṣọ tó bá bà jẹ́, gbèsè ni, ìtìjú ni; wọ́n á tún un rẹ títí á fi dúdú bolẹ̀, tàbí kí wọ́n tà á ní ẹ̀dínwó lọ́jọ́ ọjà. Ẹni tó ń ṣòwò kò lè tọ́jú àṣìṣe. Ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa ìtẹ̀dó Òṣogbo tiẹ̀ fi hàn pé Ọ̀ṣun, òrìṣà odò ibẹ̀, náà kò fẹ́ràn òfò nínú iṣẹ́ yìí: nígbà tí Láròóyè àti Olútìmẹ́hìn gé igi tó wó sínú odò, ohùn tí wọ́n gbọ́ láti inú omi ń ké pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun. Títí di òní, ìlú aró ni wọ́n ń pe Òṣogbo.

Ibi tí àìsí àkísà ti ń dun òpìtàn jù ni Abẹ́òkúta. Lẹ́yìn tí ilé iṣẹ́ BASF ní Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í ta aró tí wọ́n fi kẹ́míkà ṣe ní ọdún 1897, aró ilé iṣẹ́ àti sódà dé ọwọ́ àwọn aláró Ẹ̀gbá díẹ̀díẹ̀. Iṣẹ́ tí eérú ń fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ ṣe, sódà ń ṣe é kíá. Láàárín ọdún 1930 sí 1940, ẹjọ́ pọ̀ lórí rẹ̀. Wọ́n ní aṣọ ń ṣí, wọ́n ní aṣọ ń ya, wọ́n ní àwọn oníṣòwò tó ń kó àdìrẹ lọ sí Gold Coast àti Senegal ń kùn. Aláké Adémọ́lá Kejì fi òfin de sódà àti aró ilé iṣẹ́, àwọn aláró sì ta kò ó gidigidi, nítorí ọ̀nà oúnjẹ wọn ni. Judith Byfield kọ ìtàn náà sínú ìwé rẹ̀, The Bluest Hands, tó jáde ní ọdún 2002. Ẹni tó bá kà á á rí ẹ̀sùn, á rí àwíjàre, á rí òfin. Ohun tí yóò wù ú kó rí ni aṣọ tó ya gan-an. Bí ẹnì kan bá ti fi ègé mẹ́wàá pa mọ́ sínú àpótí ní Ìtòkú nígbà náà, tó kọ sára rẹ̀ pé eérú ni ti èyí, sódà ni ti ìyẹn, à bá lè mọ̀ lónìí bóyá sódà ló jẹ̀bi tàbí ọwọ́ tó wọ̀n ọ́n.

Àkísà òfì ní tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti aró. Àwọn tó bá ń ka Léfítíkù nínú Bíbélì Yorùbá á ti pàdé ọ̀rọ̀ méjì náà: ìta àti ìwun. Ìta ni òwú tó nà lọ gbọọrọ, ìwun ni èyí tí ọkọ̀ ń gbé kọjá láàárín rẹ̀ síwá sẹ́yìn. Ọgbọ́n gbogbo iṣẹ́ ìhunṣọ wà nínú ìyàtọ̀ wọn. Bí àṣìṣe bá bọ́ sínú ìwun, ahunṣọ á tú ìlà méjì tàbí mẹ́ta, á tún un hun, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Bí òwú kan ṣoṣo bá gba ojú okùn tí kì í ṣe tirẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ta ìta, àṣìṣe náà á bá aṣọ rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, asà kò sì ní lè gbá a wọlé. Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kì í fẹ́ gbà. Á máa hun lọ, á máa sọ fún ara rẹ̀ pé bí wọ́n bá fọ̀ ọ́, kò ní hàn mọ́. Ó máa ń hàn.

Ẹni tó bá lọ sí Ìṣẹ́yìn á rí bí ìta ṣe máa ń gùn tó. Ahunṣọ jókòó sábẹ́ àtíbàbà, òwú nà lọ síwájú rẹ̀ bí ọ̀nà tóóró, òkúta wúwo ló dì í mú lópin lọ́hùn-ún lórí pákó. Bó ṣe ń hun, bẹ́ẹ̀ ni òkúta ń wọ́ bọ̀ wá bá a. Níbo ni ẹni tó ń gbé ilé alájà mẹ́ta ti fẹ́ rí irú àyè bẹ́ẹ̀? Òfì orí tábìlì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lò, wọ́n sì ń ta ìta yípo ẹsẹ̀ àga mẹ́rin tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, tàbí láti ìlẹ̀kùn dé ìlẹ̀kùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, nígbà tí àwọn ọmọ bá wà nílé ẹ̀kọ́. Ológbò ni ọ̀tá iṣẹ́ náà.

Ohun kan wà nínú òfì Yorùbá tó ń ṣàánú ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, tí àwọn tó ń hun aṣọ fífẹ̀ kò ní. Tẹ́ẹ́rẹ́ ni a ń hun, bí íńṣì 4 ní fífẹ̀, a ó wá rán ọ̀pọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ pọ̀ létí kó tó di ìró tàbí agbádá. Tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó bà jẹ́ kò ba aṣọ jẹ́. Wọ́n á yọ ọ́ kúrò, wọ́n á hun òmíràn, èyí tó bà jẹ́ á wọ àpótí. Ìdí ìta tó kù lórí òfì, tí ọkọ̀ kò lè kọjá nínú rẹ̀ mọ́, náà ń wọ àpótí. Òun ni wọ́n ń fi ń dán àwọ̀ tuntun wò lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

Nídìí àwọ̀ tuntun ni ìnajú ti ń di àìsùn. Sányán kò gba aró, àwọ̀ tí Ọlọ́run fún un ló ń lò: wọ́n ń se ilé kòkòrò rẹ̀ nínú omi eérú kó lè tú, wọ́n á ran án di òwú, àwọ̀ rẹ̀ á sì dà bí ti ẹ̀pà tí wọ́n bó. Àlàárì pupa, ọ̀nà jíjìn ni sílíìkì rẹ̀ ti wá, ó gba aṣálẹ̀ kọjá. Ẹni tó bá fẹ́ pupa lónìí láìra ti ilé iṣẹ́ á kọ́kọ́ ronú kan osùn, ṣebí osùn ló ń sọ ara ìyàwó di pupa. Ègé àkọ́kọ́ á já a kulẹ̀, nítorí àwọ̀ inú osùn kì í fẹ́ yòrò nínú omi. Àfìpara ló mọ̀ jù. Ewé tó bo pòpórò ọkà bàbà á ṣe é díẹ̀. Èèpo àlùbọ́sà, tí gbogbo alálùbọ́sà ọjà ń gbá dànù, á fún un ní àwọ̀ wúrà bó bá ti kọ́kọ́ se òwú nínú álọ́ọ̀mù, àti bó bá sọ ìṣó tó ti dípẹtà sínú omi náà, wúrà á di àwọ̀ ewé tó ṣókùnkùn.

Ata ilẹ̀ pupa ló lẹ́tàn jù. Kò sí ohun tó ń yára mú òwú mọ́lẹ̀ bí rẹ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀, òwú á máa tàn yẹ̀rì bí ìyeyè tó pọ́n. Ibi tí àpótí àkísà ti wúlò nìyí. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe á gé ègé kan, wọ́n á fi páálí bo ìdajì rẹ̀, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ fèrèsé tí oòrùn ń gbà wọlé, wọ́n á gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ilé iṣẹ́ ńláńlá náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, ègé irun àgùntàn búlúù mẹ́jọ tí agbára wọn yàtọ̀ síra ni wọ́n fi ń wọn bí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe lè dúró níwájú ìmọ́lẹ̀ tó. Bí wọ́n bá ṣí páálí kúrò lára ègé ata ilẹ̀, ìdajì kan á ṣì jẹ́ ìyeyè, ìdajì kejì á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun. Ti aró kì í yẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Bí aró ṣe le tó, àkísà ló jẹ́rìí sí i. Ní Huaca Prieta, ní etíkun àríwá Peru, àwọn awalẹ̀pìtàn rí ègé aṣọ òwú tí ẹ̀gbin ti bò, tí wọ́n ya, tí wọ́n sì gé. Nígbà tí wọ́n fọ̀ wọ́n, búlúù yọ. Àyẹ̀wò tí Jeffrey Splitstoser àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní ọdún 2016 fi hàn pé aró gidi ni, ó sì ti tó nǹkan bí 6,200 ọdún. Títí di ìgbà náà, aṣọ Íjíbítì ni gbogbo ayé kà sí aṣọ aró tó pẹ́ jù, àwọn àkísà Peru sì fi ọdún tó lé ní 1,500 jù wọ́n lọ.

Ti ilẹ̀ adúláwọ̀ náà wà. Nígbà tí Thurstan Shaw wa ilẹ̀ ní Igbo-Ukwu láàárín ọdún 1959 sí 1960, ó rí ègé aṣọ láti nǹkan bí ọ̀rúndún kẹsàn-án. Idẹ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ló gbà wọ́n lọ́wọ́ ìdin àti ikán. Ìpẹtà rẹ̀ kò jẹ́ kí wọ́n jẹrà. Nínú ihò àpáta Bandiagara ní Mali, níbi tí àwọn Tellem ń sin òkú wọn sí láti ọ̀rúndún kọkànlá, gbígbẹ ilẹ̀ ló pa aṣọ mọ́. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ègé ni wọ́n rí, ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ òfì tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n rán pọ̀ létí, pẹ̀lú búlúù aró àti funfun. Ẹni tó bá mú fọ́tò wọn dání lọ sí Ìlọrin, kò sí ahunṣọ tí kò ní mọ ohun tó ń wò. Odindi aṣọ ṣọ̀wọ́n nínú ìtàn. Ẹ̀wù méjì kan wà ní ìlú Ulm ní Jámánì tí wọ́n kó láti ilẹ̀ Allada, ní Benin òde òní. Wọ́n ti wà nínú ìwé tí oníṣòwò Christoph Weickmann fi ka ẹrù rẹ̀ ní ọdún 1659. Wọ́n pé, wọ́n lẹ́wà. Àmọ́ ẹni tó fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe hun ún kò lè tú u wò. Àkísà nìkan ló ń gbà kí wọ́n tú òun.

Ilé kan wà nílẹ̀ Yorùbá tí wọn kì í da àkísà nù, ìyẹn ilé eégún. Agọ̀ eégún ìdílé ń wú sí i lọ́dọọdún. Wọ́n á rán aṣọ tuntun lé ti àná, ti àná wà lórí ti èṣí, níjọ́ tí eégún bá sì pòyì, tí gbogbo rẹ̀ fẹ́, ẹni tó lójú á rí ohun tí bàbá rà àti ohun tí bàbá bàbá rà. Nínú ọ̀pọ̀ agọ̀ Ọ̀yọ́, òfì ló wà nísàlẹ̀ pátápátá, tó sún mọ́ ara jù. Kò sí ìwé kékeré tí wọ́n so mọ́ ọn. Ẹnu àwọn ìyá ilé ni ìwé rẹ̀ wà, bí ẹnu yẹn bá sì dákẹ́ kí wọ́n tó bi í léèrè, agọ̀ náà á di aṣọ lásán.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí òwe kò rò tẹ́lẹ̀. Ọmọdé ti ń ra àkísà báyìí. Jínsì tí orúnkún rẹ̀ ti ya láti ilé ìtajà wọ́n ju èyí tó pé lọ, aró sì ni wọ́n fi ń rẹ òun náà, òwú ìta rẹ̀ nìkan, ìwun á wà ní funfun. Kó lè dà bí ohun tó ti pẹ́, ilé iṣẹ́ á fi òkúta yí i po nínú ẹ̀rọ, tàbí kí wọ́n fi yanrìn fọ́n ọn. Eruku yanrìn yẹn ba ẹ̀dọ̀fóró àwọn òṣìṣẹ́ jẹ́ débi tí ìjọba Tọ́kì fi fòfin dè é ní ọdún 2009. Ohun tí ọdún ń fi sùúrù hun, ẹlòmíràn fi èémí rẹ̀ san án.

Lábẹ́ ibùsùn obìnrin ọjọ́ Àbámẹ́ta yẹn, àpótí kò tíì kún. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ pátápátá, bó ṣe wọ́pọ̀ nínú irú àpótí bẹ́ẹ̀, ègé kan wà tó dára ju gbogbo wọn lọ: búlúù tó jinlẹ̀, tó dọ́gba láti etí dé etí, tí kì í ṣí sọ́wọ́. Ìwé kékeré tó so mọ́ ọn bá a wọ inú aró lọ́jọ́ náà. Lẹ́tà àti òǹkà ti di búlúù kan náà, kò sì ṣeé kà mọ́. Obìnrin náà ti ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ sílẹ̀, ó ń dúró kó pọ́n.